Ẹ Ka Igi àti Èédú Wa Mọ́ Ọ̀wọ́n Ọjà

Ní oṣù October ọdún 2025, gáàsì ìdáná gbówó lórí lójijì káàkiri Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo àti gáàsì tó wà nínú ẹgbẹ́ PENGASSAN ti daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìparí oṣù September, nítorí aáwọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti ilé ìfọpo Dangote. Ìyanṣẹ́lódì náà ò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n kílò gáàsì tí à ń rà ní bíi 1,000 náírà sí 1,200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 ní ọ̀pọ̀ ìlú kí a tó mọ̀, àwọn kan sì ń ta á ní 2,000. Nígbà tí oṣù November dé ìdajì, àjọ National Bureau of Statistics, NBS tí gbogbo wa mọ̀, gbé òǹkà owó ọjà ti oṣù October yẹn gan-an jáde. Wọ́n ní ọ̀wọ́n gógó ti já wálẹ̀ láti ìdá 18.02 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 16.05.

Obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ìbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọmọ tí mo kọ́ nílé ìwé ni. Ó yà sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní: “Sà, wọ́n ní ọ̀wọ́n ọjà ti já wálẹ̀. Ẹ bá mi wò ó, kí ló já wálẹ̀?” Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju ti èmi àti òun lọ, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá sínú ìwé ìròyìn.

N kò ní sọ pé àwọn ará NBS purọ́. Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òǹkà yìí. Ohun tí ìdá 16 yẹn ń sọ ni pé ẹrù tí a fi 100 náírà rà ní October 2024, nǹkan bí 116 náírà la fi rà á ní October 2025. Ọjà ò rọ̀. Ó ṣì ń gùn, eré tó fi ń gùn ún ló dín kù. Ẹrù tí wọ́n sì ń wò kì í ṣe gáàsì nìkan: oúnjẹ wà níbẹ̀, aṣọ, owó ọkọ̀, owó ilé ìwé, owó oògùn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀. Bí gáàsì bá fò tí ìrẹsì sì wálẹ̀, òǹkà lè wálẹ̀. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà.

Ìjà tèmi wà lórí ohun ìdáná, lórí bí wọ́n ṣe ń wò ó àti ilé ta ni wọ́n ti ń wò ó. Mo gbà pé kò sí ohun tó tètè ń fi hàn bí ayé ṣe le tó fún ìdílé ju iná tó ń jó lábẹ́ ìkòkò rẹ̀ lọ. Aṣọ ṣeé fara dà fún ọdún kan. Ẹran ṣeé yọ nínú ọbẹ̀. Iná kò ṣeé yọ: ẹ̀wà tútù kò ṣeé jẹ. Nítorí náà, bí ìjọba bá fẹ́ mọ bí ọ̀wọ́n gógó ṣe ń bá mẹ̀kúnnù jà ní Ìbà, ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù, ohun ìdáná wa ni kó kọ́kọ́ wò, kó sì wò ó bí a ṣe ń rà á gan-an.

Ìwé kan wà nílé wa tí ìyàwó mi so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, la ti ń kọ owó iná sí i. Owó iná tí mò ń sọ yìí ju ti mítà lọ: gáàsì wà níbẹ̀, epo òyìnbó, èédú, igi, bẹntiróòlù tó ń lọ sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, títí dé owó tí ọmọ mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ ṣaájì fóònù. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ ṣe irú ẹ̀ nílé yín, nítorí ohun tí ojú máa rí níbẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba kankan.

Ní ojú ewé àkọ́kọ́, gáàsì ló pọ̀ jù. A ń rọ sìlíńdà kún, a sì ń lò ó fún gbogbo nǹkan. Bí ojú ewé ṣe ń lọ, a ò rọ ọ́ kún mọ́, ẹ ó rí i pé “gáàsì, kílò méjì” ló kù, lẹ́yìn náà “gáàsì, kílò kan.” Èédú wọlé. Ẹ̀wà àti ẹran kúrò lórí gáàsì, wọ́n bọ́ sórí èédú, gáàsì di ohun tí a fi ń gbé omi kaná láàárọ̀. Nígbà tó yá, igi náà wọlé, ààrò tí a ti fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti ayé ìyá mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jó. Epo òyìnbó tí gbogbo ilé fi ń dáná nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó ti wọ́n kọjá ohun tí à ń fi sítóòfù sè.

Ohun tó yẹ kí gbogbo oníṣirò fetí sí nìyí: ní àwọn oṣù kan, àròpọ̀ owó tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé dín kù. Bí ẹ bá wo àròpọ̀ yẹn nìkan, ẹ ó ní ara ti dẹ ilé yìí. Ara ò dẹ̀ wá. A sọ̀ kalẹ̀ láti orí gáàsì sórí èédú, láti orí èédú sórí igi. Igi mìíràn, a ò tilẹ̀ rà á, oko la ti ṣẹ́ ẹ wá: imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ̀ka kòkó tó ti gbẹ. Òǹkà owó ọjà, ohun tí èèyàn fowó rà ló ń wò. Igi tí a ṣẹ́ lóko kò ní iye lójú rẹ̀. Wákàtí tí ìyàwó mi fi ń fẹ́ iná, ojú tó ń ta á, èéfín tó wọ inú aṣọ àti inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sí ibi tí wọ́n ń kọ wọ́n sí. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní èéfín ilé ìdáná irú èyí pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020. Owó tí a san nìyẹn náà, kì í ṣe náírà la fi san án ni.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún yàtọ̀ díẹ̀, ó sì le láti ṣàlàyé fún ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù April 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà sí 225. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dín in sí 206.80. Band A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, ìjọba sì ní wọn ò ju bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà lọ. Owó àwa yòókù ò yí. Bí ẹni tó ń gba owó ọjà sílẹ̀ fún NBS bá dé àdúgbò mi, tó béèrè iye tí yúníìtì kan jẹ́, yóò kọ ọ́ pé kò wọ́n, òótọ́ ló sì kọ. Ṣùgbọ́n yúníìtì tó rọ̀ tí kò wá sílé kò se nǹkan kan fún mi. Nígbà tí iná ò sí, bẹntiróòlù ló ń lọ ata, òun ló ń gé irun, òun ló ń ṣaájì fóònù. Iye tí ìjọba fi sí bẹntiróòlù yìí kò tó 200 náírà ní lítà kan kí Tinubu tó gorí àlééfà. Ó di 617 ní oṣù July 2023, ó sì kọjá 1,000 ní oṣù October 2024. Iye tí iná jẹ́ fún ìdílé kan ní Ìbà ni owó mítà pẹ̀lú owó gbogbo ohun tó ń dúró fún mítà nígbà tí kò bá síná. Bí wọ́n bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, wọn ò lè rí ìyà tó ń jẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí igi, nítorí òun ló dùn mí jù.

Lọ́jà wa, wọn kì í gbé igi sórí òṣùwọ̀n. Ìdì ni wọ́n ń dì í, owó ìdì sì ti mọ́ oníkálukú lára. Màmá kan wà tí mo máa ń ra igi lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ti ń tà á kí n tó gbéyàwó. Mo ṣàkíyèsí pé ìdì náà ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì bi wọ́n léèrè. Wọn ò fi pamọ́ rárá. “Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú. Tí mo bá fowó lé e, wọn ò ní rà á, wọ́n á ní mo ti ya ọ̀dájú. Mo kúkú yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí owó wọn lè ká a. Àwọn tó ń bá mi gé e lóko náà ti fowó kún tiwọn.” N kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tí kò lówó ṣe ń bá ẹni tí kò lówó tajà nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní ìdì kan jẹ́ 500 náírà, igi mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀. Igi kan di 50 náírà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìdì ṣì jẹ́ 500, ṣùgbọ́n igi méje ló kù níbẹ̀. Igi kan ti di 71 náírà àti díẹ̀. Ó ti fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún gùn. Ẹni tó wá gba owó ọjà sílẹ̀, tó béèrè pé “Èló ni ìdì igi?” yóò gbọ́ 500 lẹ́ẹ̀mejèèjì, yóò sì kọ ọ́ pé igi ò gbówó lórí. Ìlànà òǹkà owó ọjà kárí ayé ní kí wọ́n máa ṣọ́ irú ìdínkù bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti ṣọ́ lára bisikíìtì tí wọ́n kọ gíráàmù sí lára. Igi ìdáná kò ní àkọlé. Àfi kéèyàn kà á tàbí kó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Bákan náà ni èédú rí. Rọ́bà ọ̀dà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe ń bu gàrí. Nígbà tí ọjà bá dẹ̀, wọ́n á gbé e ga kó yọrí, wọ́n á tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Nígbà tí ọjà bá le, ó máa ń pẹ̀rẹ̀sẹ̀ délẹ̀, èérún èédú á pọ̀ níbẹ̀ ju èédú gidi lọ, ìyẹn kì í sì pẹ́ jó tán. Ọ̀pọ̀ ni kò lè ra rọ́bà kan lẹ́ẹ̀kan; ọ̀rá kékeré tí wọ́n á fi se oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń rà. Ẹni tó ń ra ọ̀rá-ọ̀rá, tó bá fi ọdún kan ra èédú, owó tó san lórí kílò kan ga gan-an ju ti ẹni tó gbé odindi àpò lọ. Gbogbo oníṣòwò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aláìní ló ń san jù lórí ohun tó kéré jù.

NBS ní ìwé ìṣọ́ owó tó máa ń gbé jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti gáàsì wà, sìlíńdà kílò 5 àti kílò 12.5. Ti epo òyìnbó wà, lítà àti gálọ́ọ̀nù. Ti bẹntiróòlù àti ti dísẹ́ẹ̀lì wà, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni, mo máa ń lò ó kọ́ ọmọ. Ti èédú àti ti igi kò sí. Nínú òǹkà ńlá, wọ́n fi wọ́n sábẹ́ ọ̀wọ́ kan tó ní owó ilé, omi, iná, gáàsì àti ohun ìdáná yòókù nínú, tí wọ́n á fi parẹ́ mọ́ owó ilé lára. Àwọn ìwádìí ìjọba fúnra wọn ló sì ń sọ fún wa pé igi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà, pàápàá ní abúlé, fi ń dáná. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù ń lò ni kò ní ìwé ìṣọ́. Èyí ò bójú mu.

Ó tún burú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní oṣù February ọdún náà, NBS tún òǹkà ṣe látòkè délẹ̀. Ọdún ìpìlẹ̀ tó wà ní 2009 kúrò, 2024 rọ́pò rẹ̀; oríṣi ẹrù tí wọ́n ń wò kúrò ní 740, ó di 934. Ọ̀wọ́n gógó tó wà ní ìdá 34.80 ní December 2024 bọ́ sí 24.48 ní January 2025, ariwo sì ta. Mo faramọ́ àtúnṣe náà, nítorí ọ̀nà tí a gbà ń náwó ní 2009 kọ́ là ń gbà ná an lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ìwọ̀n. Oúnjẹ tó jẹ́ ìdá 51.8 tẹ́lẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 40. Owó ilé, omi, iná àti ohun ìdáná tó jẹ́ 16.7 wálẹ̀ sí 8.4. Ilé oúnjẹ àti ilé ìtura tí kò ju 1.2 lọ gòkè sí 12.9.

Ibo ni wọ́n ti rí ìwọ̀n yìí? Inú owó tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ pé òun ná ni. Wọ́n ro gbogbo owó pọ̀, wọ́n wá wo ìdá tó bá ohun kọ̀ọ̀kan lọ. Bí wọ́n bá ro owó pọ̀ báyìí, ẹni tó ná mílíọ̀nù kan lóṣù ní ohùn nínú òǹkà náà ju ẹni tó ná ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ, ní ìlọ́po ju ọgbọ̀n lọ. Ẹni tó ń jẹun nílé oúnjẹ ní Lẹ́kí ń fa òǹkà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Obìnrin tó ń fi èédú se ẹ̀wà l'Ókukù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan fà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń ṣe é báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lágbàáyé, ìlò tí wọ́n sì ń lò ó fún láti darí owó èlé yé mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kì í ṣe òǹkà tó lè wọn ìnira ilé kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e wá síwájú òṣìṣẹ́ tàbí àgbà tó fẹ̀yìn tì pé “ẹ wò ó, ara ti dẹ̀.”

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbì kan. Nínú àtúnṣe yẹn, wọ́n dá òǹkà tuntun sílẹ̀ fún ohun agbára lọ́tọ̀, iná àti epo àti gáàsì. Ìgbésẹ̀ gidi ni. Àmọ́ iye kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Ọ̀ṣun ò sì lè rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Òǹkà mìíràn tún wà tí báńkì àpapọ̀ fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ti yọ èso oko àti ohun agbára kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé owó àwọn méjèèjì máa ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀. Àlàyé wọn mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ èso oko àti ohun ìdáná kúrò nínú ìnáwó obìnrin tó wá kí mi yẹn, kí ló kù tó ń ná owó lé lórí?

Ohun kan tún wà tí ará ìlú ńlá kì í rí. Igi ìdáná ti wọ inú oúnjẹ. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí láyìíká wa, ẹ dúró níwájú agbada. Bẹntiróòlù ló lọ ẹ̀gẹ́, igi ló ń yan án láti àárọ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, obìnrin tó ń yan án sì ń ti igi wọ abẹ́ agbada láìdáwọ́ dúró, nítorí bí iná bá lọ sílẹ̀ gàrí á di kókó. Igi ló ń se ẹyìn kó tó di epo pupa. Igi ló ń se ẹ̀kọ. Igi ló ń yan ẹja. Nígbà tí igi bá wọ́n, gàrí á wọ́n, NBS á sì kọ ọ́ sábẹ́ oúnjẹ. Ìwé ìròyìn á ní ẹ̀gẹ́ ló fà á, tàbí òjò, tàbí àwọn alágbàtà. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ igi. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣọ́ owó ohun ìdáná ní Ìkìrun lónìí lè sọ ohun tí gàrí yóò jẹ́ kí oṣù tó parí.

Àwọn tó rò pé iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ tó, kí wọ́n rántí epo òyìnbó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50 náírà ni iye tí ìjọba fi sí lítà kan. Ta ló rà á ní 50 náírà? Ní ọdún 2009, Ààrẹ Yar'Adua ti pàṣẹ pé kí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo òyìnbó, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yọ owó náà nínú owó ìlú. Nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, dúró níwájú àwọn aṣòfin ní 2014, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé aráàlú kì í rí epo òyìnbó rà ní 50 náírà, pé ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń san. Ọdún 2016 ni wọ́n tó gbé iye ìjọba yẹn kúrò, wọ́n fi 83 rọ́pò rẹ̀. Ká ní ìwé kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti kọ iye tí ìgò epo òyìnbó kan jẹ́ lọ́jà ní oṣooṣù, ẹnu ì bá má gba àwọn tó ń jẹ owó náà láti sọ pé mẹ̀kúnnù là ń ṣe é fún.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London náà ti rí èyí. Ní oṣù October 2022, ọ̀wọ́n gógó wọn dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, owó gáàsì àti iná mànàmáná ló sì tì í gùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba wọn ti fi ààlà sí i kí owó iná ìdílé tó wà láàárín má kọjá bíi £2,500 lọ́dún. Àwọn tó ń lo mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláìní, ń san ju àwọn tí báńkì ń san tiwọn lọ, títí ìjọba fi mú ìyẹn kúrò ní oṣù July 2023. Ní January 2022, òǹkọ̀wé kan, Jack Monroe, ti pariwo pé òǹkà ìjọba kò fi ohun tí aláìní ń rà hàn. Kí oṣù May tó parí, àjọ ìṣirò wọn, ONS, ti gbé ìwádìí jáde lórí oúnjẹ tó rọ̀ jù lọ́jà. Wọ́n tún ní òǹkà kan tó ń pín ìdílé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: olówó àti aláìní, onílé àti ayálégbé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá lè gbà pé òǹkà kan ò tó, kí ló dé tí àwa ò lè gbà?

A ò nílò owó ńlá. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, ní ọgbà kan l'Ókukù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àti ọrọ̀ ajé. Àwọn ọmọ yẹn ń wá iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n máa fi gboyè, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń da ìwé ẹlòmíràn kọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì fún wọn ní òṣùwọ̀n, kí wọ́n rán wọn lọ sí ọjà mẹ́rin: Ìbà, Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù. Kí wọ́n lọ ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n ra ìdì igi kan, rọ́bà èédú kan, ọ̀rá èédú kan, ìgò epo òyìnbó kan, kílò gáàsì kan, kí wọ́n wọn gbogbo rẹ̀. Iye tí wọ́n san àti ìwúwo ohun tí wọ́n gbé délé ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe iye nìkan.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dáná. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì, iṣẹ́ yunifásítì ni. Kílò gáàsì kan àti kílò èédú kan kò lè se oúnjẹ bákan náà, nítorí náà fífi owó kílò wé owó kílò kò kúnjú ìwọ̀n. Kí wọ́n gbé kóńgò ẹ̀wà kan kaná lórí gáàsì, kóńgò kan lórí epo òyìnbó, kóńgò kan lórí èédú, kóńgò kan lórí igi, ẹ̀wà kan náà láti inú àpò kan náà. Kí wọ́n kọ iye owó ohun ìdáná tó sè é jinná àti wákàtí tó gbà. Kí wọ́n ṣe é ní oṣooṣù. Kò sí ìyálé ilé kan ní Ìbà tí kò ní lóye òǹkà yẹn bí wọ́n bá kà á lórí rédíò: iye tí iná jẹ́ láti se kóńgò ẹ̀wà kan lóṣù yìí, iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá. Olùkọ́ wọn lè fi iye yẹn ránṣẹ́ sí NBS, kí wọ́n fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ aáwọ̀ tó ti wà lórí ẹni tó yẹ kó jókòó sórí àga alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga náà, òṣùwọ̀n àti ìwé kò ní kó o sí gbèsè.

Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù July 2024, Ààrẹ bu ọwọ́ lu òfin owó oṣù tó kéré jù tuntun, 70,000 náírà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń san 75,000. Òfin kan náà ló sọ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa tún un gbé yẹ̀ wò báyìí, kì í ṣe márùn-ún-márùn-ún mọ́. Ọdún 2027 ló bọ́ sí. Òfin orílẹ̀-èdè sì ní bí wọ́n bá fi kún owó oṣù, kí wọ́n wo ti àwa tí a ti fẹ̀yìn tì náà. Ìjọba yóò gbé òǹkà NBS wá sórí tábìlì ìdúnàádúrà, wọ́n á ní ọ̀wọ́n gógó ti já wálẹ̀ láti ìdá 34. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò gbé ariwo wá, nítorí ariwo ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ owó igi, èédú, epo àti gáàsì sílẹ̀ ní ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí láti oṣù tó ń bọ̀, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè jà níyàn yóò ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.